Panápaná Tí Kì Í Gbowó Oṣù: Bí Ìlú Kéékèèké Ṣe Ń Dá Ẹgbẹ́ Panápaná Sílẹ̀, àti Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Dín Kù

Lọ́dún 2010, iná jó ilé kan kanlẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú South Fulton, ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn panápaná dé ibẹ̀. Ọkọ̀ wọn wà ní sẹpẹ́, omi wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò pa iná ilé náà. Ilẹ̀ aládùúgbò ni wọ́n dáàbò bò, nítorí pé aládùúgbò náà ti san 75 dọ́là tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún. Onílé tí iná ń jó kò san tirẹ̀. Ìròyìn yìí tàn káàkiri ayé. Àwọn kan ṣépè fún àwọn panápaná, àwọn kan dá onílé lẹ́bi, ṣùgbọ́n ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé: ṣé ìjọba kọ́ ló ni panápaná ni?

Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn bí àwọn ìlú kéékèèké ṣe fi ọwọ́ ara wọn dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀, tí wọ́n ń fi owó ara wọn bọ́ ọ, tí àwọn ọmọ ìlú sì ń bá ara wọn pa iná láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ South Fulton á yé e, á sì mọ ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń ké gbàjarè lónìí pé àwọn ò rí èèyàn mọ́.

Ta ni panápaná olùyọ̀ǹda?

Panápaná olùyọ̀ǹda ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ panápaná láìgba owó oṣù. Ó ní iṣẹ́ mìíràn tó fi ń jẹun. Ó lè jẹ́ àgbẹ̀, olùkọ́, mẹkáníìkì tàbí nọ́ọ̀sì. Bí ìpè bá dé pé iná ń jó, á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á wakọ̀ ara rẹ̀ lọ sí ibùdó, á wọ aṣọ iná, á sì bá àwọn yòókù wọ ọkọ̀ panápaná lọ. Bí wọ́n bá ti pa iná tán, tí wọ́n fọ rọ́bà tí wọ́n fi ń tu omi, tí wọ́n sì rọ omi kún ọkọ̀ padà, á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Òmíràn ni panápaná olówó oṣù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tó sì máa ń sun ibùdó lọ́jọ́ tó bá kàn án. Àwọn kan wà láàárín méjèèjì: wọn kì í gba owó oṣù, àmọ́ wọ́n ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí ìpè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jẹ́. Bákan náà, àwọn ibùdó kan wà tí olówó oṣù mélòó kan àti ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda jọ ń ṣiṣẹ́.

Àṣìlóye tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tí kò gbowó kò kọ́ṣẹ́. Irọ́ ni. Ẹ wo ẹgbẹ́ akọrin: kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn, síbẹ̀ wọ́n ní olórí, wọ́n ní aṣọ, wọ́n ní ọjọ́ ìdánrawò, ẹni tí kò bá sì wá sí ìdánrawò kò ní bá wọn kọrin lọ́jọ́ tí èrò bá pé. Ẹgbẹ́ panápaná rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan máa ń lé ní 100 wákàtí kí wọ́n tó gbà kí ẹnì kan wọ inú ilé tó ń jó, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń fi kọ́ ọ torí pé wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn lọ́sàn-án.

Wọn kì í ṣe díẹ̀ o. Àjọ NFPA, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà, ka panápaná tó tó 1,041,200 lọ́dún 2020. 676,900 nínú wọn ló jẹ́ olùyọ̀ǹda, ìyẹn 65 nínú 100. Ohun tó ń da èèyàn láàmú ni pé ìdá 70 nínú 100 àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń gbé níbi tí panápaná olówó oṣù ti pọ̀ jù, torí pé inú ìlú ńlá lèrò wà. Ẹni tó ń gbé ní ìlú ńlá lè dàgbà kó má rí panápaná olùyọ̀ǹda rí, kó wá rò pé àwọn tí òun ń rí ni gbogbo panápaná. Bó bá gba oko lọ, wọ́n wà níbẹ̀ káàkiri.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pa iná kó tó di pé ẹgbẹ́ wà?

Korobá ni. Bí iná bá ṣẹ́, gbogbo ìlú á tò láti etí odò tàbí kànga dé ibi iná, ní ìlà méjì tó kọjú síra. Korobá tó kún á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ bọ̀ ní ìlà kan, èyí tó ṣófo á máa padà lọ ní ìlà kejì. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kò ní ẹlòmíràn tó lè pè ju ẹni tó bá wà nítòsí lọ.

Ní New Amsterdam, ìlú tó padà di New York, Peter Stuyvesant tó jẹ́ alákòóso rẹ̀ yan èèyàn 4 lọ́dún 1648 láti máa yẹ ihò èéfín orí òrùlé wò. Ẹni tí ihò èéfín rẹ̀ bá dọ̀tí, owó ìtanràn lèrè rẹ̀. Owó ìtanràn yẹn ni wọ́n fi ń ra korobá awọ, àkàsọ̀ àti ìkọ́ gígùn. Ìkọ́ yẹn wúlò ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ: wọ́n ń fi í fa òrùlé lulẹ̀ kí iná má bàa fò mọ́ ilé kejì. Lọ́dún 1678, Boston ra ẹ̀rọ ìtumi kan láti England, wọ́n sì yan ọ̀gá kan àti èèyàn 12 tí wọ́n ń sanwó fún bí iná bá ṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ olówó ti wà láti ìgbà yẹn. Àwọn tó rò pé olùyọ̀ǹda ló kọ́kọ́ wà níbi gbogbo, kó tó di pé owó wọ̀ ọ́, wọn ò mọ bó ṣe rí gan-an.

Àwọn ẹgbẹ́ ìrànwọ́ ló tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1717, àwọn kan ní Boston bá ara wọn mulẹ̀ pé bí iná bá wọ ilé ọ̀kan nínú wọn, àwọn yòókù á wá kó ẹrù rẹ̀ jáde. Wọ́n máa ń mú àpò dání. Ẹrù ọmọ ẹgbẹ́ ló jẹ wọ́n lógún, kì í ṣe ilé gbogbo ìlú. Benjamin Franklin, ọ̀kan nínú àwọn tó padà dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, mọ irú ẹgbẹ́ yìí torí pé Boston ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó di ará Philadelphia, tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn níbẹ̀, ó kọ̀wé lórí ewu iná lọ́dún 1735. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1736, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Union Fire Company sílẹ̀. Olúkúlùkù ní láti ní korobá awọ àti àpò nílé, ní ìmúrasílẹ̀. Wọ́n ń ṣèpàdé lóṣooṣù, ẹni tí kò bá wá á san owó ìtanràn, ẹgbẹ́ á sì fi owó náà ra ohun èlò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ló wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Àwọn mìíràn fẹ́ wọlé, ẹgbẹ́ sì ti kún. Wọ́n ní kí àwọn náà lọ dá tiwọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan di méjì, méjì di mẹ́ta, títí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ilé àti ọjà ní Philadelphia ló wà nínú ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí nọ́ńbà lára orúkọ àwọn ẹgbẹ́ panápaná àtijọ́, tí àwọn kan ń jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀rọ, tí àwọn kan ń jẹ́ ẹgbẹ́ rọ́bà, tí àwọn mìíràn ń jẹ́ ẹgbẹ́ ìkọ́ àti àkàsọ̀. Ohun èlò tó wà níkàáwọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń pè é.

Kí ló dé tí ìlú ńlá fi fi ọ̀nà yìí sílẹ̀?

Ẹ̀rọ ìtumi ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin á dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n á máa tẹ ọ̀pá gígùn kan sílẹ̀ sókè láìsinmi. Bí ó bá rẹ àwọn ìpín kìíní, ìpín kejì á gbà á. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kan ní láti ní èèyàn púpọ̀, ìlú ńlá sì ní ẹgbẹ́ púpọ̀. Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ dé? Ta ló kọ́kọ́ so rọ́bà mọ́ ẹnu omi, ìyẹn ojú páìpù omi tó wà létí títì fún panápaná? Ẹ̀bùn tún wà fún ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ tu omi sí iná. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní Philadelphia àti New York pé ẹgbẹ́ méjì ń bára wọn jà lójú títì nígbà tí ilé ń jó lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀rọ tuntun ló yí nǹkan padà. Lọ́dún 1853, ìlú Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ ìtumi tó ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́, tí ẹṣin ń fà. Èèyàn díẹ̀ ló ń darí rẹ̀, ó sì ń tu omi ju ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ lọ. Lọ́dún kan náà, Cincinnati sọ panápaná rẹ̀ di iṣẹ́ olówó. New York tẹ̀ lé e lọ́dún 1865, Philadelphia lọ́dún 1871.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn síbẹ̀, bí ẹni pé olùyọ̀ǹda ti di ohun àtijọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjà àti ìdíje bá wọn láàárín ìlú ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú tí kò ní ju ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lọ, ta ni yóò bá jà? Ní àwọn ìlú kéékèèké, àsìkò tí ìlú ńlá ń fi í sílẹ̀ yìí gan-an ni ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ń gbèrú. Ìlú ńlá ń ta ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ rẹ̀ bí àlòkù, ìlú kékeré sì ń rà á.

Ṣé ìlú kékeré ò lè gba olówó oṣù ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Iná kì í sọ àkókò tó ń bọ̀, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní ibùdó ní gbogbo wákàtí yẹn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣe wákàtí 42 lọ́sẹ̀, èèyàn 4 ni ẹ nílò kí ìjókòó kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ má bàa ṣófo. Èèyàn 4 ló yẹ kó jókòó nínú ọkọ̀ kan kí iṣẹ́ tó lè yá. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Òṣìṣẹ́ 16 fún ọkọ̀ kan, ká tó ka ẹni tó wà ní ìsinmi, ẹni tó ń ṣàìsàn, àti ọ̀gá.

Ìlú tí èèyàn 1,200 ń gbé ńkọ́? Owó oṣù èèyàn 16, owó ìfẹ̀yìntì wọn, owó ìtọ́jú ìlera wọn. Ìlú bẹ́ẹ̀ lè má rí ju iná ilé mélòó kan lọ́dún. Síbẹ̀, bí iná ọ̀hún bá ṣẹ́, tí ìlú tó súnmọ́ jù bá jìnnà tó ìrìn ìdajì wákàtí, ilé ti jó tán kí ọkọ̀ tó dé. Inú àlàfo yìí ni olùyọ̀ǹda bọ́ sí.

Báwo ni ẹgbẹ́ kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Iná ńlá ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Èyí tó burú jù tí mo mọ̀ nínú irú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Santiago, olú ìlú Chile, ìlú tí kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1863, iná jó ilé ìjọsìn kan níbi ìsìn alẹ́, ó lé ní 2,000 èèyàn tó kú, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìpè jáde nínú ìwé ìròyìn pé kí àwọn ọ̀dọ́ wá dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù yẹn kan náà, ẹgbẹ́ ti dúró.

Ní àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà, ilé ìtajà kan tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan á jó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á pèpàdé. Wọ́n á yan ọ̀gá, akọ̀wé àti akápò. Wọ́n á kọ òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kò wá èrè. Wọ́n á wá ọkọ̀ àlòkù rà, wọ́n á sì gbé e sínú abà tàbí gáréèjì ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó kọ́ ibùdó gidi, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni wọ́n sì máa ń da kọnkéré rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irú ẹgbẹ́ yìí pọ̀ yanturu. Àwọn tó ti ojú ogun bọ̀ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ àṣẹ, ọkọ̀ ológun tí ìjọba kò lò mọ́ sì wà lọ́pọ̀. Wọ́n gbé táńkì omi lé àwọn ọkọ̀ náà lẹ́yìn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pe ara wọn jọ? Ẹ̀rí tó dáa ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ láti mọ ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó pẹ́ jù fi agogo ilé ìjọsìn bẹ̀rẹ̀, tàbí òrùka irin ńlá tí wọ́n bọ́ lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n so rọ̀, tí wọ́n ń fi òòlù lù. Iná mànàmáná dé, sáírìnì bọ́ sórí òrùlé ibùdó. Tẹlifóònù dé, wọ́n sì fa nọ́ńbà iná lọ sílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mélòó kan kó lè dún níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ ló sábà máa ń gbé e, tí yóò kọ àdírẹ́sì sílẹ̀, tí yóò tẹ bọ́tìnnì sáírìnì, tí yóò sì máa pe àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 911 tí wọ́n ń pè bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Haleyville, ìpínlẹ̀ Alabama, ní oṣù Kejì ọdún 1968, ó sì pẹ́ kó tó dé gbogbo ìgbèríko. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìgbàdí, tó ń ké bí ìpè bá wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin síbí, torí pé ìwé àkọsílẹ̀ kì í sábà dárúkọ wọn. Àwọn tó ń gbé tẹlifóònù yẹn ń ṣiṣẹ́ panápaná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń se oúnjẹ tà láti fi ra rọ́bà àti aṣọ iná. Nígbà ogun tó kó àwọn ọkùnrin lọ, obìnrin ló ń wakọ̀ tó sì ń pa iná ní àwọn ìlú kan. Ìtàn Molly Williams sì ti wà ṣáájú ìyẹn: obìnrin adúláwọ̀ tó wà lóko ẹrú ní New York, tó bá ẹgbẹ́ Oceanus nọ́ńbà 11 fa ẹ̀rọ nínú òjò dídì ní nǹkan bí ọdún 1818, nígbà tí àìsàn dá ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin wọn dùbúlẹ̀.

Kí ló dé tí ọdún ìdásílẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ẹgbẹ́ panápaná ìlú kan máa ń bá ìṣòro yìí pàdé. Ara ọkọ̀ ń sọ ọdún kan, iwájú ibùdó ń sọ òmíràn, ìwé ìjọba ń sọ ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn lè tọ̀nà. Ọdún àkọ́kọ́ ni ọdún tí wọ́n ṣèpàdé. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọdún tí wọ́n gba ìwé àṣẹ. Òmíràn lè jẹ́ ọdún tí ìlú gba ẹgbẹ́ sábẹ́ ara rẹ̀, tàbí ọdún tí ẹgbẹ́ méjì para pọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ló ń yanjú rẹ̀. Bí akọ̀wé bá jẹ́ ẹni tó fara balẹ̀, ẹ ó rí iye tí wọ́n ra rọ́bà, orúkọ ẹni tó san owó ìtanràn, àti ìjíròrò lórí bóyá kí wọ́n lọ pa iná ní abúlé kejì tàbí kí wọ́n má lọ.

Ta ló ni ín, níbo sì lowó ti ń wá?

Ibí yìí ni ìdáhùn South Fulton wà. Ní Amẹ́ríkà, kò sí panápaná ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé àwọn aráàlú. Ibi kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò tirẹ̀. Níbì kan, ìlú ló ni ibùdó àti ọkọ̀, àwọn olùyọ̀ǹda kàn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni. Níbòmíràn, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ni ilé, ilẹ̀ àti ọkọ̀, ìlú sì ń bá a ṣàdéhùn lọ́dọọdún. Ọ̀nà kẹta ni àgbègbè panápaná: ààlà tí wọ́n fà, tó lè kó abúlé bíi mélòó kan pọ̀, tó ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn, tó sì lágbára láti gba owó orí fún iṣẹ́ iná nìkan.

Ọ̀nà kẹrin ni owó ọdọọdún, èyí tó fa wàhálà. Ìlú South Fulton ló ni panápaná tirẹ̀, owó orí àwọn tó ń gbé nínú ìlú ló ń bọ́ ọ. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn odi kì í san owó orí yẹn, káńtì Obion (ìyẹn àgbègbè ìjọba tó kó ìlú àti ìgbèríko pọ̀) tí wọ́n wà sì kò ní panápaná tirẹ̀ fún wọn nígbà náà. Ìlú wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn máa bọ̀ san 75 dọ́là lọ́dún. Onílé ní òun á sanwó lójú ẹsẹ̀ nígbà tí iná ti ń jó. Wọ́n kọ̀, ìdí wọn sì ni pé bí wọ́n bá gba owó nígbà tí iná bá ṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò tún san án ṣáájú, panápaná kò sì ní lówó láti wà. Mo gbọ́ àlàyé yẹn, ó sì bá ìṣirò mu. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ètò tó fi àyè sílẹ̀ kí panápaná dúró wo ilé kó jó kò dáa, àwọn tó sì yẹ ká bi ni àwọn tó kọ̀ láti gba owó orí kékeré lọ́wọ́ gbogbo káńtì. Ọmọ tó ń sùn nínú ilé kọ́ ló ń san owó ọdọọdún.

Lẹ́yìn owó orí, ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ń wá owó fúnra rẹ̀. Wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ tà lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ń yan adìyẹ, wọ́n ń ṣe bíńgò, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àlejò lè rò pé eré ni. Ọkọ̀ panápaná tuntun kan lè lé ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là, aṣọ iná ẹnì kan sì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Láti ọdún 2001 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní owó ìrànwọ́ tí ẹgbẹ́ lè kọ̀wé béèrè, àmọ́ kì í kárí.

Àǹfààní kan tún wà tí aráàlú kì í rí. Àjọ kan tó ń jẹ́ ISO máa ń fi nọ́ńbà lé panápaná àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 10. 1 ló dáa jù, 10 túmọ̀ sí pé bí ẹni pé kò sí panápaná rárá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ń wo nọ́ńbà yìí kí wọ́n tó sọ iye tí onílé máa san. Ẹni tí iná kò jó ilé rẹ̀ rí ń jẹ nínú iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda lọ́dọọdún láìmọ̀.

Omi náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ní ìlú ńlá, ẹnu omi panápaná wà létí títì. Ní oko, omi tí ọkọ̀ bá gbé ni omi tó wà. Ọkọ̀ kan lè gbé gálọ́ọ̀nù 1,000. Rọ́bà kan ṣoṣo lè tu 150 gálọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú kan. Kí ìṣẹ́jú 7 tó pé, omi ti tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọkọ̀ ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi iná ilé kan ní ìgbèríko: àwọn kan ń pa iná, àwọn yòókù ń lọ fa omi ní adágún, wọ́n ń dà á sínú àgbá ńlá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n tún ń padà lọ. Àdéhùn wà láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí pé bí iná bá ju agbára ẹnì kan lọ, gbogbo wọn á dé, láìbéèrè owó.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí ní orílẹ̀-èdè mìíràn?

Ní Jámánì, wọ́n máa ń ka ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Meißen lọ́dún 1841 sí ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́. Lónìí, olùyọ̀ǹda panápaná tó wà ní Jámánì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, ìlú ńlá nìkan ni òfin sì fi dandan lé pé kó ní olówó oṣù. Ohun tó yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà ni pé òfin fi ọwọ́ mú ìlú: ìlú gbọ́dọ̀ ní panápaná. Bí olùyọ̀ǹda kò bá tó, ìlú lè fi òfin mú àwọn olùgbé rẹ̀ wọṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lọ bí ìpè bá dé, láìgé owó rẹ̀, ìlú á sì san ohun tó bá jẹ́ àdánù fún ilé iṣẹ́ náà. Mo rò pé èyí ni Amẹ́ríkà kò kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó sì nílò rẹ̀ gan-an.

Ní Chile, olùyọ̀ǹda ni gbogbo panápaná, àní ní olú ìlú. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní èbúté Valparaíso lọ́dún 1851. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tún ń dá owó oṣooṣù sápò ẹgbẹ́. Ẹ kà á dáadáa: àwọn ló ń sanwó kí wọ́n tó lè pa iná.

Kí ló ń mú wọn dín kù?

Lọ́dún 1984, olùyọ̀ǹda panápaná Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900,000. Ẹ ti rí iye tí wọ́n jẹ́ lọ́dún 2020. Láàárín àkókò yẹn, ìpè pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta, kì í sì í ṣe torí iná. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, arúgbó tó ṣubú, ìjàǹbá ọkọ̀: panápaná ni wọ́n ń pè. Ẹni tó wọlé láti wá pa iná lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́dún ń jí dìde lóru lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Iṣẹ́ kúrò ní ìlú kékeré. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó lẹ́yìn ibùdó lè dé láàárín ìṣẹ́jú 3. Ọmọ rẹ̀ ń wakọ̀ wákàtí kan lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà lọ́sàn-án, kò sẹ́ni nílé tó lè gbé ọkọ̀ jáde. Tọkọtaya méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ rí 100 wákàtí ẹ̀kọ́? Àwọn tó ṣẹ́kù ń dàgbà: ní àwọn ibi tí èèyàn kò tó 2,500, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn panápaná ló ti lé ní ọmọ 50 ọdún.

Lọ́dún 2024, àjọ OSHA, tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé òfin tuntun kan síta fún àgbéyẹ̀wò láti fi rọ́pò èyí tó wà láti ọdún 1980. Ó béèrè ẹ̀kọ́ sí i, àyẹ̀wò ìlera sí i, àti ìwé àkọsílẹ̀ sí i. Ìwé ìròyìn kún fún ariwo, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ ohun tó fà á. Ẹ̀mí panápaná ni òfin náà ń wá ọ̀nà láti dáàbò bò, òtítọ́ ni. Ohun tí àwọn olùyọ̀ǹda ń sọ ni pé ẹgbẹ́ tó ń yan adìyẹ kó tó lè ra rọ́bà kò ní lè san owó àyẹ̀wò ìlera fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ibùdó á sì tì. Òótọ́ méjèèjì ni wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí àríyànjiyàn náà fi le.

Àwọn ẹgbẹ́ kan kò dúró de ìjọba. Àwọn kan ti para pọ̀ mọ́ ti abúlé kejì kí ẹgbẹ́ méjèèjì lè jọ ní èèyàn tó tó ọkọ̀ kan. Àwọn kan ń sanwó fún èèyàn méjì láti jókòó ní ibùdó láti aago 6 àárọ̀ di aago 6 ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn olùyọ̀ǹda wà níbi iṣẹ́, kí àwọn olùyọ̀ǹda tó gba alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ń gba ọmọ ọdún 16 sí ẹgbẹ́ kékeré, wọ́n ń kọ́ ọ ní gbogbo iṣẹ́ tó wà níta ilé, láti yíyí rọ́bà dé fífa omi, títí yóò fi pé 18.